Bí Màmá Fásanmí Ṣe Lóṣòó Gba Ilé Ẹ̀kọ́ Wa

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Tí ẹ bá dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn Sístà ní Ọ̀fàtẹ̀dó lónìí, tí ẹ rí ọmọbìnrin tó lé ní ẹgbẹ̀ta nínú aṣọ búlúù onílà funfun, wọ́n á sọ fún yín pé àwọn sístà tó ti ilẹ̀ Íńdíà wá ló dá a sílẹ̀. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, mo sì mọ̀ pé orí orúnkún obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan ni ilé náà dúró lé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó wá bá mi ní yàrá kẹ́mísìrì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, kó béèrè Salmah ọmọ Mùstàfá káfíńtà. Àyè wà fún mi láti bá a ro ó.

Phebe Ojúọlá Fásanmí lorúkọ obìnrin náà, Màmá Fásanmí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Iléṣà ni wọ́n bí wọn sí. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà rárá. Òṣómàáló ni bàbá wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ kò mọ òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú láyé àtijọ́ ni. Wọ́n á gbé aṣọ fún ọ láwìn. Bí ọjọ́ bá pé tí o kò san án, wọn kò ní bá ọ jà, wọn kò sì ní ṣépè fún ọ. Wọ́n á kàn lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ ni, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí o fi máa ṣe ohun tó yẹ. Àlejò rẹ á bá wọn níbẹ̀, àna rẹ á bá wọn níbẹ̀, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ mọ́. N kò tíì gbọ́ ibi tí ẹnì kan ti borí wọn.

Bàbá yìí kò jẹ́ kí Màmá kọjá pírámárì mẹ́ta, nítorí àwọn ọmọkùnrin ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kàwé. Ohun tí wọ́n fún Màmá dípò ìwé ni ìlóṣòó. Màmá ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án làwọn wà tí bàbá ti kọ́ àwọn pé gìgísẹ̀ gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Ẹni tó bá lóṣòó lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹni tó ti fẹ́ dìde ni, ajigbèsè sì máa ń mọ̀. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ gìgísẹ̀ yìí, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Màmá lọ́kọ, wọ́n bá ọkọ wọn wá sí Òṣogbo, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ sí Alékúwodò. Ibẹ̀ ni Sístà Lúsíà, ọ̀kan nínú àwọn sístà Íńdíà náà, ti bá wọn lọ́dún 2009. Obìnrin kúkúrú, dúdú, oníjíígí, tó kọ́ Yorùbá láti inú ìwé, tó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka Bíbélì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ aṣọ ilé ìwé tó máa tó ọmọ mẹ́rìnlá. Màmá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ mẹ́rìnlá, ṣé ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn àbí àpèjẹ ọjọ́ ìbí? Sístà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká má tilẹ̀ parọ́, ọmọ mẹ́ta péré làwọn tíì rí. Mẹ́rìnlá ni iye àga tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù méjì tí àwọn háyà ní Ọ̀fàtẹ̀dó.

Màmá bi wọ́n pé kí ló wá ń lé wọn bọ̀ láti Íńdíà. Sístà Lúsíà ní ní abúlé àwọn, àwọn sístà kan ló wá dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin nígbà tí gbogbo bàbá ń sọ pé kò wúlò, òun làwọn fi di èèyàn. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Màmá. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé pírámárì mẹ́ta ló sọ sí àwọn lọ́kàn. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bá Sístà lọ wo Ọ̀fàtẹ̀dó. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ọmọ bí bàbá wọn ṣe ń kiri aṣọ.

Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìgbọ̀nà nìyẹn. Bàbá mi ń fá pákó lọ́wọ́. Màmá kí wọn, wọ́n sì sọ ohun tó gbé wọn wá. Bàbá mi ní rárá o, àwọn obìnrin oníbòrí yẹn á sọ ọmọ òun di Màríà. Màmá ní ojoojúmọ́ làwọn ń bá àwọn Sístà jẹun, síbẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì ṣì làwọn. Bàbá mi tún ní ó dáa, ta ló mọ̀ bóyá ilé ẹ̀kọ́ inú ṣọ́ọ̀bù náà máa dúró? Bí àwọn Sístà bá kó ẹrù wọn padà sí Íńdíà lágbedeméjì ńkọ́? Ìbéèrè tòótọ́ nìyẹn, Màmá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọjú sí bàbá mi.

"Bàbá Salmah, ẹnu mi ni mo fi ń gba ọmọ yìí lọ́wọ́ yín. Láàárín ọdún mẹ́fà, níbẹ̀ náà ni yóò ti jókòó ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá sí Alékúwodò, kí ẹ pè mí ní òpùrọ́ lójú àwọn oníbàárà mi."

Bàbá mi ní àwọn á rò ó. Màmá ní kò burú, kí wọ́n máa rò ó lọ. Ni wọ́n bá ká ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ìyẹ̀ pákó. Àwọn tó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀dì dé, wọ́n rí àgbàlagbà obìnrin tó lóṣòó síwájú káfíńtà, wọ́n bi bàbá mi pé kí ni wọ́n ṣe fún ìyá oníyàá. Bàbá mi kírun Àílà, wọ́n bá Màmá níbẹ̀. Wọ́n kírun Àsárì, wọ́n tún bá wọn níbẹ̀. Wọ́n ní wàláhì, kí Màmá dìde, kí wọ́n máa mú ọmọ lọ, àmọ́ àwọn ti gbọ́ ohun tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ o.

Ilé mọ́kànlá ni Màmá bá lọ báyìí, wọ́n sì ṣe ìlérí kan náà nílé kọ̀ọ̀kan. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣe é kó. Nígbà tí a máa wọlé, mẹ́rìnlá ni wá, aṣọ Màmá sì wà lọ́rùn gbogbo wa. Àwa mẹ́fà tó jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n fi aṣọ kan náà rán ìbòrí fún wa, Sístà Lúsíà kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ìdí.

Ayé ilé ìwé inú ṣọ́ọ̀bù dùn, ẹ má wulẹ̀ káàánú wa. Bí òjò bá rọ̀ lórí páànù, a kì í gbọ́ ohun tí Sístà ń sọ mọ́, orin la máa ń kọ títí yóò fi dá. Bákan náà ni Màmá gbàgbọ́ pé kò sẹ́ni tó lè jẹ ata ju Ìjẹ̀ṣà lọ, àfìgbà tí Sístà se ọbẹ̀ kan tí omi fi jáde lójú wọn. Lọ́dún kẹta, àwọn Sístà ra ilẹ̀ níwájú díẹ̀, wọ́n kọ́ kíláàsì mẹ́ta. Ẹ béèrè ẹni tó kan bẹ́ǹṣì rẹ̀. Bàbá mi ni, bàbá tó ń bẹ̀rù pé ilé náà kò ní dúró. Lọ́dún karùn-ún, ọmọ ti lé ní igba, a ti ní yàrá kẹ́mísìrì, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe.

Ọdún kẹfà wá dé. Àwa mẹ́rìnlá pé, ẹyọ kan kò dín. Àwọn alábẹ̀wò ìjọba ti wá, wọ́n ti ka ìgò kẹ́míkà wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní a ṣe dáadáa. Ó ku ìwé àṣẹ kan ṣoṣo tí wọ́n máa fọwọ́ sí kí a tó lè fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọjọ́ Ẹtì ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Ìwé náà sì wà ní ọ́fíìsì kan ní Òṣogbo tí n kò ní dárúkọ, àwọn tó ni ín mọ ara wọn.

Sístà Lúsíà ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ ni wọ́n ń sọ fún wọn pé "ẹ padà wá lọ́la." Sístà á dúpẹ́, wọ́n á padà lọ lọ́la. Inú ìwé tí wọ́n ti kọ́ Yorùbá, ọ̀la ni ọjọ́ tó tẹ̀lé òní, kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ọ̀la ti ọ́fíìsì yàtọ̀. Nítorí náà wọn kò tilẹ̀ dààmú Màmá sí i, wọ́n rò pé nǹkan ń lọ déédéé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n yà ní Alékúwodò ra òwú, tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu wọn. Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n ní, "Sístà, ta ló sọ fún yín pé ọ̀la yẹn ń bọ̀?"

Nílé wa, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí bàbá mi. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní ọdún mẹ́fà làwọn fi dúró, bí ìdánwò ọdún yìí bá kọjá, kí n máa lọ bá Àǹtí Àgbékẹ́ ní Ìlọrin, kí n máa bá wọn tajà, ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó ti ń béèrè mi fún ìyàwó. Mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà. N kò fẹ́ Ìlọrin, n kò fẹ́ ọkọ, ìdánwò ni mo fẹ́. Bí ó sì ṣe rí nílé wa, bẹ́ẹ̀ ló rí nílé àwọn mìíràn. Bàbá mọ́kànlá ń wo ẹnu Màmá Fásanmí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Màmá ra òrí mọ́ orúnkún wọn. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n, orúnkún náà kò sì gbádùn. Wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn, èmi ni ẹ̀rí tí àwọn máa fi hàn.

Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú ló wà nídìí tábìlì ní ọ́fíìsì náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ le gan-an fún sítáàṣì. Ó dìde kí Màmá dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní fáìlì náà wà lọ́nà, kí Màmá padà wá lọ́la. Màmá ní ẹ ṣé o. Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n sì lóṣòó síwájú tábìlì rẹ̀, gìgísẹ̀ kanlẹ̀. Ó sáré gbé àga wá. Màmá ní àga kọ́ làwọn wá gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó máa tó rẹ̀ wọ́n.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ìlóṣòó kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Màmá kò sọ̀rọ̀ burúkú kan. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń béèrè pé Màmá, kí ló dé? Wọ́n á ní, "Ìwé àwọn ọmọ mi ni mo ń dúró gbà." Ẹni náà á yíjú wo Láńrewájú. Bàbá kan tó wá nítorí owó ìfẹ̀yìntì ṣí fìlà, ó bi í bóyá ó ní ìyá nílé. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì kan wọ́ fáànù onídùúró súnmọ́ wa kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí Màmá. Èmi náà gbìyànjú láti lóṣòó tì wọ́n, n kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi ṣubú yakata. Màmá ní ọmọ Òṣogbo kò kúkú mọ nǹkan kan ju jíjókòó lọ.

Aago mẹ́rin lù, ọ́fíìsì palẹ̀ mọ́. Màmá di tábìlì mú dìde, wọ́n kí Láńrewájú pé ó dọ̀la. Wọ́n ní ọ̀la ti àwọn máa ń dé ní tàwọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, a ti wà níbẹ̀ kí Láńrewájú tó dé. Sístà Lúsíà bá wa níbẹ̀. Wọ́n dúró wo Màmá. Wọ́n kó aṣọ funfun wọn jọ sáàárín orúnkún, wọ́n sì lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Gìgísẹ̀ wọn kanlẹ̀ pẹrẹsẹ. Màmá bojú wo ẹsẹ̀ náà, ẹnu yà wọ́n. Sístà ní ní abúlé àwọn, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ṣe ń wà láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán tó bá ń gé ẹ̀fọ́. Kí agogo mẹ́wàá tó lù, gbogbo ilé náà ti gbọ́ pé sístà kan lóṣòó nílé ìjọba. Èrò ń wọ́ wá wòran. Láńrewájú ń làágùn, ó ní òun ń wá fáìlì, kò sì rí i.

Ariwo èrò ló mú ọ̀gá wọn pátápátá sọ̀ kalẹ̀, Ìyáàfin Adéyọrí. Wọ́n rí Màmá, wọ́n sì dúró gbagidi. Wọ́n fi èdè Ìjẹ̀ṣà bi Màmá pé ọmọ ta ni wọ́n ní Iléṣà. Màmá ní àwọn ni ọmọ Ṣàngódèyí òṣómàáló. Ìyáàfin Adéyọrí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. Òṣómàáló ni bàbá ìyá tiwọn náà. Wọ́n kọjú sí Láńrewájú.

"Wá fáìlì yẹn jáde nísinsìnyí. Mo mọ àwọn èèyàn mi. Obìnrin yìí kò ní dìde."

Wọ́n tú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tú abẹ́ tábìlì. Ìránṣẹ́ tó wọ́ fáànù wá ló dédé bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ fáànù náà. Ẹsẹ̀ fáànù náà kan kúrú, ẹnì kan sì ti fi okùn so fáìlì tó nípọn mọ́ ọn láti ìgbà pípẹ́, fáànù àti fáìlì lọ̀kùnrin náà jọ wọ́ súnmọ́ wa lánàá. Fáìlì wa ni. Ọjọ́ méjì la fi ń gba atẹ́gùn lórí ìwé tí à ń wá. Màmá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ni gbogbo ilé bá tẹ̀lé e. Nígbà tí aago méjì máa lù, Ìyáàfin Adéyọrí ti fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti lu òǹtẹ̀.

Màmá kò lè dìde mọ́. Láńrewájú fúnra rẹ̀ mú wọn lápá kan, Sístà mú èkejì. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Màmá má bínú. Màmá ní inú kò bí àwọn, bó bá ní ọmọbìnrin, ọjọ́ wo ló máa mú un wá sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn? Ọmọ náà wà ní kíláàsì mi báyìí, ó mọ ìwé, ó kàn máa ń pẹ́ kó tó mú iṣẹ́ wá ni, ẹ mọ ibi tó ti jogún rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, orúkọ àwa mẹ́rìnlá wọlé. A ṣe ìdánwò náà lórí bẹ́ǹṣì bàbá mi. Nígbà tí èsì jáde, gbogbo wa yege, èmi sì gba éè wan nínú kẹ́mísìrì. Bàbá mi wọ agbádá, wọ́n mú èsì náà dání lọ sí Alékúwodò. Àwọn oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dúró láàárín wọn.

"Màmá Fásanmí, ẹ ní kí n wá pè yín ní òpùrọ́ níbí. Olóòótọ́ ni mo wá pè yín."

Màmá, tí ojú kò tì rí níwájú ẹnikẹ́ni, fi ìborùn bojú.

Ó ku ọ̀kan. Lọ́dún yìí, àwọn Sístà parí ilé alájà mẹ́ta, wọ́n ní orúkọ Màmá Fásanmí làwọn máa fi pè é. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò kọjá pírámárì mẹ́ta kò ní nǹkan ṣe lára ògiri ilé ìwé, kí wọ́n lọ fi orúkọ ẹni mímọ́ kan pè é. Sístà Lúsíà bẹ̀bẹ̀ títí. Ọkàn mi gbóná, nítorí ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé tí a sì ń wò yìí, mo mọ ẹni tó ni ín. Mo gbé fóònù, mo pe àwọn ẹgbẹ́ mi. Tiwátọ́pẹ́ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá láti Ìbàdàn. Mọpẹ́olúwa wá pẹ̀lú oyún oṣù méje. A pé mẹ́rìnlá.

A wọ ṣọ́ọ̀bù Màmá ní àárọ̀ Sátidé. A kúnlẹ̀ kí wọn bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà a dìde, a ká aṣọ wa sókè, a sì lóṣòó láàárín àwọn ìdì aṣọ, mẹ́rìnlá wa. A gbé àga fún Mọpẹ́olúwa, ó ní àga kọ́ lòun wá gbà. Sístà Lúsíà mú ìwé àdéhùn orúkọ náà dání lẹ́nu ọ̀nà. Màmá bi wá pé kí lèyí.

Mo ní, "Òṣó la máa ló, Mà, títí ẹ ó fi gbà."

Oníbàárà kan yọjú, ó wò wá, ó padà. Òmíràn tún yọjú. Màmá ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, omi lé ròrò sí wọn lójú. Ó tó bí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ wa, wọ́n sì pòṣé.

"Ẹ wo gìgísẹ̀ yín lókè. Ta ló máa bẹ̀rù yín báyìí? Ẹ gbé e kanlẹ̀."

A gbé e kanlẹ̀. Ó dùn wá wọ eegun. Màmá ní ó dáa, àwọn ti gbà, kí a dìde. Kò sí ẹni tó dìde nínú wa, a ní ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ni wọ́n bá gba bírò lọ́wọ́ Sístà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, wọ́n sì rọra kọ lẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà bí ọmọ pírámárì mẹ́ta: Phebe Ojúọlá Fásanmí. A kò jẹ́ kí oníṣẹ́ tún un kọ. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an la ní kí wọ́n fín in sára ògiri, ó wà níbẹ̀, ẹ lọ wò ó.